Ojú Tí Kò Ṣeé Pa Dé

Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 1992.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ò pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín? Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ bí mo bá fẹ́ dìde. Ẹ̀wù òtútù tí o fi rán Oyèdélé ará Òṣogbo tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ló ń wọ ẹ̀wù òtútù nínú ooru yìí? Mo ti fi í pamọ́ de ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin tó wà ní Òkukù ti dágbére fáyé. Wọ́n sìnkú rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, mo sì lọ. Èmi ni bàbá rẹ fi òrùka sí lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ, ta ni yóò ní kí n má lọ sin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Bàbá rẹ wá láti Inísà, òun àti Ìtùnúolúwa, ọmọdé tó fẹ́ lé mi lórí, tó sì kó lọ bá níbẹ̀. Wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà.

A wà níta ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àlejò kan láti Ìbàdàn dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí Ọ̀gá wa?” Ìtùnú bú sẹ́rìn-ín. Mo wo bàbá rẹ, mo ń retí kó sọ pé ìyàwó òun ni mí. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Màmá rí ibi jókòó. Ẹ ò rí ojú wọn ni? Oorun ti ń kùn wọ́n.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, Bímpé Àbẹ̀kẹ́!

Nígbà tí mo délé, mo gbé dígí síwájú. Lóòótọ́ ni awọ ipénpéjú mi ti wó lulẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí wọn ò ká sókè. Ó ti bo irun ojú mi mọ́lẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi nígbà kan pé àwọn obìnrin òyìnbó máa ń wá gé e kúrò ní ọsibítù yín, tí wọ́n á sì dà bí ọmọge. Èmi náà fẹ́ gé e.

Ní oṣù Kejìlá, wọ́n fẹ́ fi bàbá rẹ jẹ Bàbá Ìjọ ní Inísà. Mo fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú ojú tuntun. Má rò pé mo fẹ́ kó padà wá o. Mo fẹ́ kó rí mi, kó jẹ ìka àbámọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Dá mi lóhùn kíá.

Ìyá rẹ,
Margaret Fáwọlé.


Lọ́ńdọ̀nù,
24 oṣù karùn-ún, 1992.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọkọ mi ní kí n kí yín, àwọn ọmọ náà ń béèrè ìgbà tí màmá àgbà máa wá.

Mo ka lẹ́tà yín, mo sì sunkún. Ohun tí Bàbá ṣe kò dára, n kò ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín, kí ẹ má sì bínú sí mi.

Iṣẹ́ abẹ náà wà lóòótọ́. Awọ tó bá pọ̀ jù lórí ipénpéjú ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á wá rán an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú tó wó ni awọ ń dà láàmú. Nígbà mìíràn iṣan tó ń gbé ipénpéjú sókè ló ti rẹ̀. Nígbà mìíràn àìsàn mìíràn ló fà á. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ojú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò. Ǹjẹ́ ẹ ṣì ń rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Ǹjẹ́ ojú yín máa ń gbẹ, tó ń ta yín? Bí ojú bá ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè dá kún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ẹ rántí àpá tó wú sí yín létí nígbà tí wọ́n tún un lu. Ó yẹ kí dókítà mọ ìyẹn kó tó mú ọ̀bẹ. Ásípírìn tí ẹ ń lò sí orúnkún náà, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Bí wọ́n bá sì ṣe é tán, ojú á wú, á dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, ó sì máa ń gba oṣù díẹ̀ kó tó balẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sáré ṣe nítorí ayẹyẹ.

Dókítà wa kan wà tó máa ń bi gbogbo wọn pé, “Ta lo ń ṣe é fún?” Ẹni tó bá dáhùn pé òun ń ṣe é nítorí ọkọ, ó máa ń ní kó lọ sílé lọ rò ó. Màámi, ta lẹ ń ṣe é fún?

Mo fi ìwé ìpè sínú àpòòwé yìí. Ẹ mú un lọ gba físà, kí ẹ wá, kí wọ́n yẹ ojú yín wò níbí.

Bàbá náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ẹ já gèlè lórí Ìtùnú lójú àwọn àlejò ní Òkukù. Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi.

Ọmọ yín,
Ọlábímpé.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, 1992.

Ọlábímpé,

Mo kí ọ. Mo kí àwọn ọmọ.

Mo já gèlè rẹ̀. Ṣé mo ní mi ò já a ni? O ò bi mí. Ọwọ́ mi dùn ún já, gèlè náà sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bí bàbá rẹ bá tún kọ̀wé sí ọ, bi í bóyá òun náà sọ ohun tí òun wí kí n tó dìde.

O kọ ìwàásù sí mi. Bí mo bá ń wá ìwàásù, mo mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. O ní ta ni mo ń ṣe é fún. Bàbá rẹ ni mo ń ṣe é fún, bí ẹni ń pọ́n àdá sílẹ̀ de ejò. Ṣé ìyẹn yé ọ?

Mo mú ìwé rẹ lọ sí Èkó. Mo tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọmọbìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn dígí wò mí fìrí, ó ní kí n máa lọ, kò sí físà. Mo bi í pé kí ni mo ṣe, ó ti ń pe ẹlòmíràn. Ojú mi yìí náà ni òun náà rí, ó rò pé arúgbó tó ń wá ibi tí yóò kú sí ni mí.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ti gbogbo ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó wà níwájú mi lórí ìlà ní ojú tó ń dán bí ẹyin. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó jù mí lọ! Ó ní Dókítà Matthew kan ní Èkó ló bá òun ṣe é, kò sì gbà ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ó fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀. Èmi ò nílò Lọ́ńdọ̀nù yín mọ́.

Wọ́n ti kéde ọjọ́ ìfijoyè náà. Ìtùnú ti lọ ra bàtà.

Ìyá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
9 oṣù kẹjọ, 1992.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀, mo fi orí balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n dójú tì yín nítorí físà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn.

Bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ kéré tán, ẹ bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè kí ó tó fọwọ́ kàn yín. Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ ojú, kì í ṣe iṣẹ́ dókítà lásán? Ojú mélòó ló ti gé rí, ǹjẹ́ ẹ sì lè rí méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn tó ṣe é fún? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn tí ẹ délé, ta lẹ máa ké sí? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dìde.

Màámi, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ: awọ tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n lè padà wá gé e. Awọ tí wọ́n bá gé jù, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ti tọ́jú obìnrin kan tí ipénpéjú rẹ̀ kò kan ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ń la ojú sùn. Ẹyinjú rẹ̀ gbẹ, ó di ẹgbò. Èmi ni mo máa ń kán òògùn sí i.

Ẹ fún mi lésì, kódà bó jẹ́ ìlà kan.

Ọmọ yín,
Ọlábímpé.


Lọ́ńdọ̀nù,
18 oṣù kẹwàá, 1992.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà, mi ò rí èsì. Mo tẹ Oyèdélé láago ní Òṣogbo. Ó ní òun yà sílé yín, pé ẹ sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, ẹ ò jẹ́ kí òun wọlé.

Kí lẹ ń fi pamọ́? Mi ò bínú mọ́. Ẹ sáà ti kọ̀wé.

Ọlábímpé.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, 1992.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ọdún. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́, ojú kan ni mo fi ń kọ ọ́. Ìyàwó Oyèdélé tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fi rán, kó lè yá.

Mo lọ sọ́dọ̀ Matthew nínú oṣù Kẹsàn-án. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àwọn télọ̀ wà nísàlẹ̀, ariwo máṣíìnì wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bi í ní ìbéèrè rẹ o, má sọ pé mi ò bi í. Mo ní ojú mélòó ló ti gé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni?” Ọkàn mi sọ pé kí n dìde. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ ẹ̀rín Ìtùnú létí mi, mo sì sùn sórí tábìlì náà. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé, “Ẹ gé e dáadáa. Ẹ má fi díẹ̀ sílẹ̀ kó tún wó mọ́ mi lójú.” Ó ní, “Kò sí wàhálà, Màmá.”

Ojú òsì dára, bí kò bá ṣe àpá tó ń wú díẹ̀díẹ̀. Ojú ọ̀tún kọ̀. Kò pa dé mọ́, Bímpé. Bí mo bá sùn, ó ń wo àjà. Ó ń ta mí bí ẹni da yanrìn sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Mo padà lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ó rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé.

Mo rò pé kí n má lọ sí Inísà mọ́. Mo tún rò ó, mo ní, ṣé èmi ni yóò sá fún un ni? Mo wọ aṣọ funfun, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sí iwájú pátápátá.

Bàbá rẹ dìde láti ka ẹ̀kọ́ kíkà. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo fi ojú ọ̀tún náà lé e lára. Omi ń dà nínú rẹ̀, mi ò nù ún. Ojú yẹn kì í ṣẹ́, Bímpé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ mọ́. Ó ka ẹsẹ kan, ó tún un kà. Ó wá ibi tó kàn, kò rí i. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tó kan ìfijoyè, àlùfáà àgbà ní kí ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì í. Ìtùnú dìde. Èmi náà dìde. A jọ dé iwájú pẹpẹ. Ìtùnú wo ojú mi, ó ké “Yéè!”, ó fọwọ́ bo ojú tirẹ̀.

Àlùfáà ní, “Èwo ni ìyàwó yín nínú àwọn méjèèjì?”

Bàbá rẹ wo Ìtùnú, ó wò mí, ó wá wolẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ní kó sọ ọ́ síta. Ó mọ ẹni tó fi òrùka sí lọ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́run.”

Kò gbójú sókè. Àlùfáà náà pa ìwé dé. Ó ní kí bàbá rẹ lọ tún ilé rẹ̀ ṣe, pé òun ò ní fi ẹni tí kò mọ ìyàwó rẹ̀ jẹ Bàbá Ìjọ. Lójú gbogbo Inísà! Àwọn tó wá láti Òkukù àti Ìbà wà níbẹ̀. Mo rọra rìn jáde láàárín wọn. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó ẹ̀san yẹn.

Ṣùgbọ́n láti ìjẹta ni nǹkan funfun kan ti wà láàárín ẹyinjú náà. Bí ẹni tó ń wòran láti inú èéfín ni mo ń ríran.

Ìyá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
6 oṣù kìíní, 1993.

Màámi,

Mi ò ráyè kí yín bó ṣe yẹ. Tímótì, ọmọ Inísà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, òun ló mú lẹ́tà yìí àti òògùn wá. Nǹkan funfun yẹn, ẹgbò ni. Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ dìde, kí Tímótì gbé yín lọ sí Ìbàdàn, sí ọsibítù ńlá. Mo ti kọ orúkọ dókítà ojú tí ẹ máa béèrè sára páálí òògùn. Ẹ máa fi òògùn ọlọ́ràá inú ike kékeré náà sójú ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi ọwọ́ rọra fa ipénpéjú wálẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bébà tó ń lẹ̀ tí mo kó sí i. Ẹ má fi ọṣẹ, ọtí tàbí àgbo kankan sí i.

Ẹ gbẹ̀san, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ojú yín ló yẹ kó san án? Bàbá pàdánù oyè ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ńkọ́?

Èmi náà kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn, inú tí ẹ ní ni mo ní. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso dókítà nílẹ̀ wa nípa Matthew yẹn. Mi ò ní sinmi títí wọn ó fi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì ti kọ̀wé sí Bàbá pé bí ojú ìyá mi bá fọ́, kí wọ́n má pè mí lọ́mọ mọ́.

Ẹ lọ lónìí, Màámi. Ẹ lọ lónìí.

Ọlábímpé.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún, 1993.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ọmọ tó yọ mí nínú òkùnkùn,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi.

Obìnrin ni dókítà tí o ní kí n béèrè. Ó bá mi wí bí ìgbà tó bí mi. Ó kọ́kọ́ wo ẹgbò náà sàn, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu awọ díẹ̀ lẹ́yìn etí mi, ó fi lẹ ipénpéjú. Ó kìlọ̀ fún mi pé kò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ díẹ̀. Mo ní kó sáà jẹ́ kí n lè dijú. Mo ń fi ojú ọ̀tún rí ènìyàn báyìí, mo mọ ẹni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ojú òsì ni mo fi ń kàwé. Èéfín yẹn kò tán níbẹ̀, ó ní kò ní tán.

Àwọn ọkùnrin méjì wá láti Èkó wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nípa Matthew. Mo rò gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́, títí kan ohun tí èmi fúnra mi sọ lórí tábìlì. Wọ́n ní kò kọ́ iṣẹ́ ojú rí. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Ó rán ìyá rẹ̀ sí mi pé kí n wá sọ pé mo ti forí jì í. Mo fún ìyá náà ní omi tútù, mo fún un ní ẹran, mo sì ní kó padà lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé mi ò forí jì í.

Wàyí o, bàbá rẹ wá.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni, lẹ́yìn ìsìn. Oyèwálé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣaláìsí, ló tẹ̀ lé e wá láti Òkukù. Mo wà lórí àga nínú pálọ̀. Ó ti rù. Lẹ́tà rẹ wà nínú àpò rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó ní, “Margaret, ọmọ mi kọ̀ mí.”

Ó dọ̀bálẹ̀, Bímpé, Akínyẹlé Fáwọlé dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní mi. Ó ní ọ̀rọ̀ Òkukù ọjọ́ yẹn, àwàdà ni òun fi ṣe. Ó ní òun ti dá Ìtùnú padà sílé wọn láti oṣù Kejì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú. Lóòótọ́, ọwọ́ mi ti fẹ́ kúrò lórí àga láti gbé e dìde.

Ìgbà náà ni Oyèwálé dá sí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àlùfáà àgbà ti gbà láti fi wọ́n joyè nínú oṣù tó ń bọ̀, bí ẹ bá lè wá dúró tì wọ́n. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni.”

Bàbá rẹ ní, “Kò tilẹ̀ ní pẹ́. O lè lo awò ojú dúdú, kò sẹ́ni tó máa rí ojú náà.”

Ọwọ́ mi padà sórí àga.

Mo wò ó dáadáa, mo fi ojú tó ń ríran àti ojú tó ń rí èéfín wò ó. Mo sì pa méjèèjì dé. Wọ́n dé pátápátá, Bímpé, awọ kan awọ. Ó pe orúkọ mi. Ó pè mí ní “ìyàwó mi”, ọdún mélòó rèé tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní, “Margaret, wò mí.” Oyèwálé ní bóyá oorun ló ń kùn mí. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀, ó bínú, ó tún bẹ̀. Mo gbọ́ tí ó dìde, mo gbọ́ tí orúnkún òun náà ké. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọkọ̀ tó gba ọ̀nà Inísà lọ.

Ìgbà tí mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ ni mo tó la ojú.

Bí ìwọ bá fẹ́ pè é ní bàbá padà, pè é, bàbá rẹ ni. Èmi ti sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ,
Margaret.